Ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ìjọba síta?

Ìbéèrè: Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíè. Mo ti forúkọ ilé iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní CAC, mo sì ń san owó orí. Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn ní kí àwa tó ń ṣe àga àti tábìlì ilé ìwé wá du iṣẹ́. Mo fi tẹ́ńdà tèmi sílẹ̀, ìyẹn ìwé tí mo kọ iye tí mo máa gbà ṣe é sí. Wọn ò pè wá síbi tí wọ́n ti ṣí i, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí a fi rí ọkọ̀ tó ń já àga sílẹ̀ nílé ìwé kan ládùúgbò wa. Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ ní owó tí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi, àti pé ilé iṣẹ́ tó gbà á kò tíì pé ọdún kan. Ṣé ẹnikẹ́ni wà tó ń ṣọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí, yàtọ̀ sí ara wọn? Tí mo bá sì pariwo, ṣé wọn ò ní yọ orúkọ mi kúrò pátápátá?

Ìdáhùn: Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Èyí tí kò ní dùn mọ́ yín nínú ni n ó kọ́kọ́ sọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ni mo gbọ́, n kò rí fáìlì tí ilé iṣẹ́ yẹn fi gbé iṣẹ́ náà jáde. Pé owó yín kéré jù lọ kò tíì sọ pé ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́. Ẹni tí òfin ń wá ni ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàrin àwọn tí ìwé wọn pé. Bí wọ́n bá béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé PenCom (ti owó ìfẹ̀yìntì), ti ITF (ti owó ìkọ́ṣẹ́) àti ti NSITF (ti ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́), tí ẹ wá gbàgbé ọ̀kan, wọn á ti gbé ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó dé ibi tí ẹ kọ owó sí. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti ń ṣubú, tí iṣẹ́ wọn sì dáa ju ti ẹni tó gbà á lọ. Ẹ tún ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ wò lálẹ́ òní kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè.

Ṣùgbọ́n ká ní ìwé yín pé. Nígbà náà, ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó burú fúnra rẹ̀, ẹni yòówù kí iṣẹ́ já mọ́ lọ́wọ́: wọn ò pè yín síbi ṣíṣí tẹ́ńdà, wọn ò sì sọ èsì fún ẹni tí kò rí i gbà. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí. Bí aago tí wọ́n dá bá ti lù, wọn á gbé àpótí tí wọ́n kó tẹ́ńdà sí jáde níwájú gbogbo ẹni tó wá, wọn á jẹ́ kí ẹ rí i pé ó ṣì wà ní títì. Wọn á máa fa àpò ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á ka orúkọ ilé iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀ sókè ketekete. Ẹni tó wà níbẹ̀ á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, akọ̀wé á sì kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sẹ́ni tó lè fi bírò sọ 4 di 9 kí ogún èèyàn má mọ̀. Bí wọ́n bá ṣí i nínú yàrá tí ẹ ò sí, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ iye tó wà nínú ìwé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an. Àwọn tí òfin ní kó ṣọ́ wọn pọ̀, wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn lè rò pé kò sí ibi tí kọ́bọ̀ kan á gbà jò. Èmi kì í wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń béèrè nípa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní ó ń ṣọ́ owó ìlú: ta ló yàn án, ta ló ń fún un lówó ṣiṣẹ́, ta ló lè lé e, ta ló ń jábọ̀ fún. Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ẹnì kan náà, tí ẹni yẹn sì tún ni ọ̀gá àwọn tó ń gbé iṣẹ́ síta, ọ́fíìsì lásán ni.

Òfin tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí ni òfin ìrajà ìjọba ọdún 2007, èyí tó dá Bureau of Public Procurement, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìrajà ìjọba, sílẹ̀ ní Àbújá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Owó ìjọba àpapọ̀ ló ń tẹ̀lé, àti ti ilé iṣẹ́ tó bá ń gba ó kéré tán ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀. Kò dé orí owó tí ìpínlẹ̀ ná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé lọ sí Àbújá lórí àga tí ìpínlẹ̀ rà, ẹ kàn ń sanwó ìfìwéránṣẹ́ lásán ni. Ẹ wo ọ̀nà tó wọ ìlú wa. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa ti sunkún lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 76.7, ti ìpínlẹ̀ ni. Ìlú kan náà ni méjèèjì ń já sí, ṣùgbọ́n òfin tó ń ṣọ́ wọn yàtọ̀, ibi tí a ti ń fẹjọ́ wọn sùn sì yàtọ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀ lórí ìrajà ìjọba, ó sì ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó o ní Ìbàdàn. Inú àwọn ìpínlẹ̀ kò kàn ṣàdédé mọ́ tí wọ́n fi ṣe irú òfin yìí tàbí tí wọ́n fi tún un ṣe o. Báńkì Àgbáyé ló gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní SFTAS kalẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n tún fi 750 mílíọ̀nù mìíràn kún un ní 2020. Ara ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí nínú owó náà gbà ni pé kó ní òfin ìrajà tó dáa, kó sì gbé orúkọ àwọn tó gba iṣẹ́ àti iye tí wọ́n gbà á sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà parí ní 2022. Òfin ṣì wà nílẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn ti kúrò.

Iṣẹ́ méjì ni irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe. Ó ń yẹ ìwé iṣẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní dúù próṣẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Ó sì tún ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá ní wọ́n yan òun jẹ. Ẹ wò ó dáadáa: ọ́fíìsì tó ti fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà mọ́ ni ẹ ń lọ bá pé iṣẹ́ náà kò mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Gómìnà ló ń yan olórí rẹ̀, Gómìnà yìí náà ló sì ń darí ìpàdé tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ńláńlá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. N kò pe àwọn tó wà níbẹ̀ lólè. Mo mọ àwọn kan nínú irú iṣẹ́ yìí tí wọn kì í gba omi mu lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ìwà rere rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, fáìlì tó fi sílẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Àwọn tó kọ òfin 2007 rí èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ kan wà lókè ọ́fíìsì Àbújá náà, tí àwọn ará ìta á ti bá mínísítà àti àwọn ọ̀gá ìjọba jókòó: agbẹjọ́rò, ẹnjiníà, oníṣòwò, oníròyìn, ẹgbẹ́ ará ìlú. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọn ò gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Ìpàdé àwọn mínísítà ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ńláńlá ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìjọba tí àwọn ìpínlẹ̀ ń wò kọ́ṣe rèé.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ta ni mo fọkàn tán jù nínú gbogbo wọn, Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, ẹni tó ń yẹ ìṣirò owó ìpínlẹ̀ wò, ni n ó sọ. Ẹ lè ní torí pé ìdí iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni èmi náà ti jẹun ni. Ẹ ṣáà fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ó. Gómìnà ló ń yàn án, àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sì ń fọwọ́ sí i. Gómìnà kò lè dá nìkan lé e, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá ní kó máa lọ. Abala 125 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ ní tààrà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pàṣẹ fún un lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń jábọ̀ fún, láàrin ọjọ́ 90 tí ìṣirò owó ọdún náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè kan péré ló ń dá a lẹ́kun: ta ló ń fún un lówó ṣiṣẹ́? Nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní 2018 pé kí owó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ti ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, wọn ò fi ti Ọ́dítọ̀ sí i. Ọkọ̀ tó máa gbé àwọn èèyàn rẹ̀ dé Ìkòyí-Ilé tàbí Ajáàwá láti lọ ka àga ilé ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ lọ ṣọ́ náà ló ti máa bẹ̀bẹ̀ owó epo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ́dítọ̀ ń wá. Ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n kó ìwé iye owó mẹ́ta síwájú mi láti fi hàn pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló du pákó tí wọ́n fẹ́ rà. Orúkọ mẹ́ta, àdírẹ́sì mẹ́ta, òǹtẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, “plyhood” ni wọ́n kọ dípò “plywood”. Ẹni tí iṣẹ́ já mọ́ lọ́wọ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà gééré dín sí èkejì, èkejì náà fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún gééré dín sí ẹ̀kẹta. Ẹnì kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá sì bi wọ́n, wọn á ní àwọn tẹ̀lé òfin, òfin ní kí ìwé mẹ́ta wà nínú fáìlì, mẹ́ta rèé. Látìgbà náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé fáìlì pé, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń wọ gíláàsì mi.

Ọgbọ́n kejì ni kí wọ́n fọ́ iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Iye kan wà tó jẹ́ pé bí owó iṣẹ́ bá ti kọjá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ńlá, kí wọ́n sì polongo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Àga ilé ìwé ogún tí wọ́n lè rà pọ̀, wọn á sọ ọ́ di iṣẹ́ ogún kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba abẹ́ iye yẹn kọjá. Lábẹ́ òfin 2007, ẹ̀wọ̀n ni, ó kéré tán ọdún márùn-ún, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Nítorí náà, ẹ wádìí iye ilé ìwé tí wọ́n já àga sí àti iye ìwé iṣẹ́ tí wọ́n kọ.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní agbára ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ. Wọ́n lè pe ẹnikẹ́ni, wọ́n lè gba ìwé yòówù lọ́wọ́ rẹ̀, abala 128 àti 129 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìròyìn Ọ́dítọ̀ máa ń pẹ́ lórí tábìlì kí wọ́n tó kà á. Ìgbà tí wọ́n bá fi dé orí ọdún tí wọ́n ra àga yìí, àwọn ọmọ ti lè jókòó kán ẹsẹ̀ rẹ̀.

ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ní tirẹ̀, kì í ṣe Gómìnà ló ń yan àwọn olórí rẹ̀, kò sì lè lé wọn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé òfin ọdún 2000 tó dá ICPC sílẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé kò kan ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 2002 pé ó kàn wọ́n. Abala 22 nínú òfin náà ni kí ẹ mọ̀ lórí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá bu owó lé ọjà ju bí wọ́n ṣe ń tà á lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni pẹ̀lú mílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀rọ̀ “ìlọ́po méjì” tí ẹ sọ ló bọ́ síbẹ̀. Kí ẹ tó lò ó, ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye tí wọ́n gbà á, kí ẹ sì rí i pé irú igi kan náà ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ìjọba ṣòwò máa ń fi díẹ̀ lé e nítorí owó tí á pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè di ìlọ́po méjì láéláé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, OYACA, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé dá sílẹ̀. Òun ló sún mọ́ yín jù. Ẹ bi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípa òun náà kí ẹ tó mọ irú ẹjọ́ tí ẹ máa gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ tún wádìí owó ta ni wọ́n fi ra àga náà. Bó bá jẹ́ owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ mú ìdajì wá tí ìpínlẹ̀ mú ìdajì wá, UBEC ní ẹ̀tọ́ láti wá wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Bó bá jẹ́ Báńkì Àgbáyé ló yá wa, báńkì náà ní ìlànà tirẹ̀, ó sì máa ń gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó bá ṣe màgòmágó síta fún gbogbo ayé rí. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ́dítọ̀ Àgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní báyìí, ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ fi ariwo sílẹ̀, aago ni kí ẹ máa wò. Nínú òfin 2007, ẹni tí wọ́n yàn jẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ̀, láti kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà tàbí olórí ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà jáde. Òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló wà láti gbé e dé ọ́fíìsì ìrajà, àwọn náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 21 láti dájọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ ló kàn, láàrin ọjọ́ 30. Inú òfin ìpínlẹ̀ wa ni kí ẹ ti ka iye ọjọ́ tiyín o. Ẹ ní kí lọ́yà fà á jáde fún yín lọ́sẹ̀ yìí, nítorí láti ọjọ́ tí ẹ rí ọkọ̀ yẹn ni aago yín ti ń lọ.

Lẹ́tà ojú ìwé kan ti tó. Nọ́ńbà tẹ́ńdà, ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, àwọn ìwé tí ẹ kó sínú rẹ̀, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ “olè”, ẹ má kọ “jìbìtì”. Ẹ kàn béèrè: ta ló gba iṣẹ́, èló ló gbà á, kí ló gbé tèmi ṣubú, ọjọ́ wo ni wọ́n ṣí àpótí, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, wọn á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ kọ èkejì lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹ fi béèrè ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ náà àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí tẹ́ńdà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi méje kún un bí ìdí bá wà, ẹ ò sì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ẹni tó bá fi ṣe agídí, ilé ẹjọ́ lè gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin yẹn kò kan àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn tán ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025. Nínú ẹjọ́ kan tó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, lórí ìwé ìnáwó àjọ tó ń rí sí àrùn AIDS níbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sínú lẹ́tà yín, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń kà á á jókòó dáadáa.

Ní ti ilé iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìkànnì CAC, ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ á jáde. Láti oṣù Karùn-ún 2023, CAC tún ti ṣí ìwé mìíràn síbẹ̀ tó ń sọ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ gan-an. Bí orúkọ tó jáde bá bá ti ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn mu, ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò níbòmíràn mọ́, ICPC ni kí ẹ lọ.

Ṣé wọn ò ní yọ orúkọ yín? N kò ní purọ́ fún yín. Wọn kì í sábà yọ ọ́ ní gbangba, nítorí òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ti wà kí wọ́n tó lè ní kí ẹnì kan má du iṣẹ́ mọ́. Wọn kàn lè má pè yín mọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà bá yín fọwọ́ sí lẹ́tà kejì, torí ó rọrùn láti gbàgbé ẹnì kan, kò rọrùn láti gbàgbé gbogbo ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà sì tún lè béèrè nǹkan mìíràn. Òfin 2007 ní kí wọ́n pe ará ìta méjì wá wo ìrajà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ẹ béèrè irú àyè yẹn lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fún tẹ́ńdà àga tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.

Ó ku iṣẹ́ kan tí kò sí ọ́dítọ̀ tó lè bá yín ṣe é. Ẹ lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé yẹn kó jẹ́ kí ẹ wo àga náà. Ẹ wọn pákó rẹ̀, ẹ wo bóyá àfàrà ni tàbí mèlínà, bóyá ìṣó ni wọ́n fi so ó tàbí wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú ara wọn, mélòó ni wọ́n já sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kí ẹ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi káfíńtà, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Ọ́dítọ̀ Àgbà.